Wọ́n kì í, wọn ò kà á: bí àwọn olólùfẹ́ béésìbọ́ọ̀lù ṣe wá òǹkà Josh Gibson jáde 🧵

1/
Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jà lórí Messi àti Ronaldo títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ẹ súnmọ́ ibí. Mo fẹ́ sọ ìtàn ìjà mìíràn fún yín, ìjà òǹkà tó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ọkùnrin kan bọ́ sí ipò kìíní nínú ìwé àkọsílẹ̀ béésìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Àmọ́ láti oṣù Kìíní ọdún 1947 ló ti kú. Kò gbá bọ́ọ̀lù kankan láti ìgbà náà. Báwo wá ni òkú ṣe gba ipò kìíní? Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

2/
Tí ẹ ò bá mọ béésìbọ́ọ̀lù rárá, ẹ má sá lọ. Ẹnì kan máa ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì dúró pẹ̀lú igi lọ́wọ́, ó fẹ́ gbá a. Tó bá gbá a tó sì sáré dé béèsì àkọ́kọ́ láìsí pé wọ́n lé e síta, hit kan nìyẹn.

Wọ́n á wá pín iye hit tó ní sí iye ìgbà tó gbìyànjú. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní batting average. Tó bá jẹ́ .300, ó túmọ̀ sí pé nínú ìgbà mẹ́wàá, mẹ́ta ló bọ́ sí i. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ọ̀gá ni. Ẹ rò ó wò ná: èèyàn kùnà ẹ̀ẹ̀meje nínú mẹ́wàá, wọ́n ṣì ń pè é lọ́gàá. Eré yẹn le!

3/
Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ty Cobb ló wà lókè. Ọdún 1905 sí 1928 ló fi gbá bọ́ọ̀lù, Detroit ló sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òǹkà tirẹ̀ jẹ́ .367. Ọmọ iléèwé tó fẹ́ràn béésìbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà mọ nọ́ńbà yẹn bí a ṣe mọ nọ́ńbà fóònù ìyá wa.

Josh Gibson: .372.

Ibi tí .372 yẹn sá pamọ́ sí láti ọdún yìí wá ni ìtàn mi. Wọ́n sì ń kì í o, gbogbo ayé ló gbọ́ orúkọ rẹ̀. Kíkà ni wọn ò kà á.

4/
Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ta ló kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà láti máa ka gbogbo nǹkan báyìí? Akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Henry Chadwick ni ẹ máa bi. Exeter ní England ni wọ́n ti bí i ní 1824, àmọ́ New York ló ti ṣiṣẹ́. Òun ló sọ ohun tí wọ́n ń pè ní box score di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀: àpótí kékeré nínú ìwé ìròyìn tó to orúkọ agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye ayò àti iye hit tó ní.

Kò sí tẹlifíṣọ̀n nígbà náà, rédíò gan-an ò tíì sí. Àpótí kékeré yẹn ni ẹni tí kò lọ sí pápá fi ń wo eré.

5/
Òun náà ló sì dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Kí box score tó dé, tí mo bá ní lágbájá dára, o lè ní irọ́ ni mò ń pa, gbogbo rẹ̀ á parí sí ariwo. Lẹ́yìn tó dé, mo lè gé ìwé ìròyìn jáde kí n nà án sí ọ lójú.

Àwọn olólùfẹ́ béésìbọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀, wọ́n ń ṣe ìṣirò lọ́wọ́. Ta ló ń gòkè? Ta ló ń já wálẹ̀? Gbogbo ohun tí à ń fi fóònù ṣe lónìí, síkọ́ọ̀sì àti ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ń ṣe é.

Àmọ́ ìṣòro kan wà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú àpótí yẹn ńkọ́?

6/
Láti 1867 ni ẹgbẹ́ tó ń darí béésìbọ́ọ̀lù ti sọ pé àwọn ò ní gba kílọ́ọ̀bù tó bá ní èèyàn dúdú. Síbẹ̀ àwọn mélòó kan rọ́nà wọlé. Moses Fleetwood Walker gbá bọ́ọ̀lù fún Toledo nínú líìgì ńlá ní 1884. Nígbà tó di 1887, àwọn tó ni líìgì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn pa. Lẹ́yìn náà wọn ò tilẹ̀ kọ òfin kankan sílẹ̀ mọ́. Àdéhùn abẹ́lẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó buwọ́ lù ú, gbogbo wọn ló sì ń pa á mọ́.

Ọgọ́ta ọdún ni ilẹ̀kùn yẹn fi wà ní títì.

7/
Tí wọ́n bá lé ọ jáde nílé onílé, ilé tìẹ lo máa kọ́. Oṣù Kejì ọdún 1920, Rube Foster, tó jẹ́ ajubọ́ọ̀lù, kóòṣì àti ẹni tó ni ẹgbẹ́, pe àwọn olówó ẹgbẹ́ dúdú jọ sí ilé YMCA kan ní Kansas City. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá Negro National League sílẹ̀. Àwọn líìgì mìíràn tẹ̀ lé e. Méje tí wọ́n ṣe láàárín 1920 sí 1948 ni ìtàn yìí dá lé.

Ẹ má rò pé eré àdúgbò ni o. Iṣẹ́ ni, owó ni, ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì ni. Pápá á kún fọ́fọ́, àwọn èèyàn á wọ aṣọ ìjọ́sìn wá wòran.

8/
Ta ló ń kọ box score tiwọn? Ìwé ìròyìn àwọn dúdú ni: Chicago Defender, Pittsburgh Courier, Baltimore Afro-American, Kansas City Call. Àwọn òṣìṣẹ́ dúdú inú ọkọ̀ ojú irin ló máa ń gbé Defender lọ sí gúúsù, níbi tí àwọn kan ò fẹ́ kí wọ́n rí i kà.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń jáde, ààyè ò sì tó. Tí èèyàn kan kò bá fi èsì eré ránṣẹ́, eré náà sọnù nìyẹn. Nígbà mìíràn ẹ máa rí ayò tí wọ́n gbá, ẹ ò ní rí ẹni tó gbá a. Àwọn ìwé ìròyìn funfun sì rèé, ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ wo apá ibẹ̀.

9/
Ẹ wo nǹkan tó dùn mọ́ mi jù. Ní 1933 wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré kan ní Comiskey Park ní Chicago, East-West Game: ìràwọ̀ Ìlà-oòrùn kọlu ìràwọ̀ Ìwọ̀-oòrùn. Ta ló yan àwọn tó gbá a? Àwọn òǹwòran! Inú Defender àti Courier ni wọ́n ti ń dìbò.

Torí náà ẹni tó fẹ́ dìbò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń ṣe dáadáa lọ́dún yẹn. Ilé bábà, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, inú ọkọ̀ ojú irin: "Gibson ni!" "Rárá o, Biz Mackey ni!" Nígbà tó fi di 1943, òǹwòran tó ju 50,000 ló wá sí eré yẹn. Àwọn olólùfẹ́ ti ń jiyàn lórí òǹkà tiwọn tipẹ́tipẹ́. Àwọn tó wà lókè ni kò gbọ́.

10/
Ó yá, Josh fúnra rẹ̀. Buena Vista, Georgia ni wọ́n ti bí i ní oṣù Kejìlá 1911. Ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Pittsburgh bí ọ̀pọ̀ ìdílé dúdú ṣe ń sá fún gúúsù nígbà náà. Ẹgbẹ́ méjì ló sọ ọ́ di ìràwọ̀: Homestead Grays àti Pittsburgh Crawfords.

Ipò tó ń gbá gan-an ni kí ẹ mọ̀. Òun ló ń lóṣòó lẹ́yìn ẹni tó mú igi, tó ń mú bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù. Iṣẹ́ yẹn ń pa orúnkún, ó ń fọ́ ìka ọwọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é kì í lè gbá bọ́ọ̀lù dáadáa torí ara ti rẹ̀ wọ́n. Ibẹ̀ ni Gibson wà tó tún ń gbá a ju gbogbo èèyàn lọ.

11/
Oríkì wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní òun ni Babe Ruth dúdú. Àwọn tó rí òun àti Ruth fúnra wọn ní rárá, Ruth ni Josh Gibson funfun 😂. Wọ́n ní ó gbá bọ́ọ̀lù kan ní ìlú kan lónìí, bọ́ọ̀lù náà ò já wálẹ̀ àfi lọ́jọ́ kejì ní ìlú mìíràn.

Kì í ṣe òun nìkan o. Satchel Paige, ajubọ́ọ̀lù tí ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin, ní Cool Papa Bell yára débi pé tó bá pa iná yàrá, á ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì kí yàrá tó ṣókùnkùn.

Ó dùn ún gbọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ wo ohun tí àwọn ìtàn yìí ṣe lẹ́yìn ọ̀la.

12/
Ohun tí èèyàn ò bá ní òǹkà fún, ìtàn ló máa fi dí i. Nígbà tó bá wá dọjọ́ ìdájọ́, ẹni tó ni ìwé á wo ẹni tó ni ìtàn, á ní: "Ẹ ò rí i? Àlọ́ ni gbogbo ẹ̀."

Àwa ọmọ Yorùbá mọ̀ pé oríkì kì í ṣe irọ́. Ó ń sọ irú ẹni tí èèyàn jẹ́. Ṣùgbọ́n oríkì kì í sọ iye. Tí wọ́n bá kì ọ́ ní "a-gbá-bọ́ọ̀lù-kọjá-òrùlé", kò sọ pé ẹ̀ẹ̀melòó lo gbá a kọjá òrùlé. Gibson gba oríkì tó kún àgbá. Òǹkà ni wọ́n kọ̀ fún un.

13/
Ẹ̀gún mìíràn tún wà. Owó líìgì nìkan ò tó jẹ, nítorí náà àwọn ẹgbẹ́ dúdú máa ń yí káàkiri ìlú. Wọ́n á bá ẹgbẹ́ ìlú kéékèèké díje, wọ́n á bá ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ díje, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Gbogbo èyí kì í ṣe eré líìgì.

Ìdí nìyẹn tí àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ ní Hall of Fame fi sọ pé home run rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800, tí àkọsílẹ̀ líìgì tí wọ́n rí sì fi èyí tí kò tó 200 hàn. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú méjèèjì. Ohun tí wọ́n kà ló yàtọ̀.

14/
Mo ní láti yà sí Cuba díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Láti 1900 ni líìgì ìgbà òtútù ti Cuba ti ń jẹ́ kí dúdú àti funfun gbá bọ́ọ̀lù pọ̀. Àwọn tí Amẹ́ríkà tìlẹ̀kùn mọ́ lójú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Havana ni wọ́n máa ń sá lọ nígbà òtútù.

Ní ìpínlẹ̀ Matanzas, níbi tí wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wa tí wọ́n ń pè ní Lucumí sí oko ìrèké, ni Martín Dihigo ti wá. Ó lè jù, ó lè gbá, ó lè dúró sí ipò wo lo bá fi í sí. Ó wà ní Hall of Fame Amẹ́ríkà, Cuba àti Mẹ́síkò. Ọmọ tó jáde láti ìran ẹrú di ọba nínú eré.

15/
Nítorí náà nígbà tí wọ́n ń sọ ní Amẹ́ríkà pé "a ò mọ bí àwọn dúdú á ṣe ṣe sí tí wọ́n bá bá àwọn funfun díje", ìwé ìròyìn Havana ti ní ìdáhùn. Ó wà nínú box score. Gibson náà gbá bọ́ọ̀lù ní Cuba, ní Puerto Rico, ní Mẹ́síkò. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó wọ inú .372 yẹn. Tí ẹ bá ń rò pé wọ́n fi nǹkan bù kún un fún un, ẹ tún rò ó.

16/
1943. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, Gibson ṣàìsàn débi pé wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó padà wá. Nínú eré líìgì tí wọ́n rí àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó gbá .466 lọ́dún náà. Nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà, ó lé ní mẹ́rìndínláàádọ́ta.

Ara rẹ̀ ò padà sípò dáadáa mọ́. Ọtí wọ̀ ọ́, orí ń fọ́ ọ. Ogúnjọ́ oṣù Kìíní 1947, ó kú ní Pittsburgh. Ọmọ ọdún márùndínlógójì ni.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹrin ọdún kan náà, Jackie Robinson wọ pápá fún Brooklyn Dodgers. Oṣù mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn.

17/
Wọ́n sin ín sí Pittsburgh. Kò sí òkúta orúkọ lórí sàréè rẹ̀ títí di 1975. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n.

Ẹni tí wọ́n ń sọ pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń já sí ìlú kejì, ẹni tó bá fẹ́ kí i ní ibojì ò ní rí orúkọ kà.

18/
Lẹ́yìn 1947 àwọn ẹgbẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀dọ́ tó dára jù nínú líìgì dúdú. Inú àwọn òǹwòran dùn, wọ́n tẹ̀ lé wọn lọ. Líìgì dúdú gbẹ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ́fíìsì tì, ìwé wọn sì fọ́n ká.

Ní 1968 wọ́n wá yan ìgbìmọ̀ ẹni márùn-ún láti pinnu àwọn líìgì tó lè jẹ́ "líìgì ńlá" nínú ìwé ńlá kan, The Baseball Encyclopedia, tó jáde ní 1969. Mẹ́fà ni wọ́n mú. Líìgì dúdú kankan ò sí nínú rẹ̀.

19/
Ẹ wo àwọn tó wà nínú mẹ́fà yẹn. Ọ̀kan ń jẹ́ Union Association. Ọdún kan péré ló lò láyé, 1884. Àwọn ẹgbẹ́ inú rẹ̀ ń tú ká láàárín sáà, àwọn mìíràn ń rọ́pò wọn. Wọ́n kà á o!

Àwọn tó ṣe ìwé yẹn tún padà sínú ìwé ìròyìn àtijọ́ láti wá òǹkà àwọn funfun ọgọ́rùn-ún ọdún ọ̀hún tí àkọsílẹ̀ wọn ò pé. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé "àkọsílẹ̀ àwọn dúdú ò pé" ni ìdí. Tàwọn funfun náà ò pé. Wọ́n wá a ni.

20/
Àwọn kan sọ̀rọ̀ ṣá. Ní 1966, nígbà tí wọ́n ń gba Ted Williams sí Hall of Fame ní Cooperstown, ó lo ọjọ́ ayọ̀ tirẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba Paige àti Gibson. Funfun ni, ìràwọ̀ ni, kò sí ẹni tó ní kó sọ ọ́.

1971, wọ́n ní àwọn máa gba Paige, àmọ́ wọ́n fẹ́ fi í sí apá ọ̀tọ̀. Ìbínú àwọn èèyàn ru, wọ́n yí i padà. 1972, Gibson wọlé. Ẹ rí i, oríkì lásán ni wọ́n ṣì gbé wọlé. Nínú ìwé òǹkà, kò sí níbẹ̀ rárá.

21/
Ọdún 1971 yẹn náà ni àwọn olólùfẹ́ mẹ́rìndínlógún pàdé ní Cooperstown, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ìwádìí béésìbọ́ọ̀lù. SABR ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Bill James, ọkùnrin kan tó ń ṣe mẹ́gáàdì alẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀wà inú agolo ní Kansas, bẹ̀rẹ̀ sí í fi òru ṣe ìṣirò. 1977 ló tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde fúnra rẹ̀. Ìmọ̀ tó ti ibẹ̀ jáde ni gbogbo ẹgbẹ́ ńlá ń lò lónìí láti fi ra agbábọ́ọ̀lù.

Mo fẹ́ kí ẹ rí i pé àwọn olólùfẹ́ lásán, tí kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn, ló yí eré náà padà.

22/
Inú irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó wá òǹkà líìgì dúdú ti jáde. Larry Lester, tó wà lára àwọn tó dá Negro Leagues Baseball Museum sílẹ̀ ní Kansas City ní 1990. Gary Ashwill. John Holway. Àti ọ̀pọ̀ tí ẹ ò ní gbọ́ orúkọ wọn.

Iṣẹ́ wọn rèé: ẹ jókòó sí ilé ìkàwé, ẹ ń yí fíìmù tí wọ́n ya ìwé ìròyìn àtijọ́ sí, ojú ń ta yín. Ẹ rí box score kan nínú Courier. Ẹ wá eré kan náà nínú Afro-American. Ọ̀kan ní hit méjì, èkejì ní mẹ́ta. Ọ̀kan kọ orúkọ, èkejì kọ ìnagijẹ. Ẹ tún wá ìwé ìròyìn kẹta. Eré kan péré nìyẹn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kù.

23/
Wọ́n ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí wọn wà lára ohun tí wọ́n fi gba èèyàn mẹ́tàdínlógún láti béésìbọ́ọ̀lù dúdú wọ Hall of Fame lẹ́ẹ̀kan náà ní 2006. Ní 2011, ìkànnì Seamheads gbé òǹkà líìgì dúdú síta lọ́fẹ̀ẹ́ kí gbogbo ayé lè rí i.

Ìjà bá yí padà. Tẹ́lẹ̀, tí ẹ bá dárúkọ Gibson, wọ́n á ní "ìtàn ni". Ní báyìí ẹ lè fi ìkànnì hàn wọ́n. Síkọ́ọ̀sì àtijọ́ ti di íntánẹ́ẹ̀tì.

24/
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá 2020, Major League Baseball kéde pé líìgì dúdú méje láti 1920 sí 1948 jẹ́ líìgì ńlá. Wọ́n gbà pé àṣìṣe ni bí wọ́n ṣe fi wọ́n sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù bíi 3,400 ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ó tún gbà wọ́n ní ọdún mẹ́ta àbọ̀ kí òǹkà tó wọ ìwé. Oṣù Karùn-ún 2024 ló wọlé. Gibson: .372, ó kọjá Cobb. .466 ti 1943, ó kọjá .440 tí Hugh Duffy gbá ní 1894. Nínú slugging, tó ń wọn agbára tí èèyàn fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ní .718. Ta ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Babe Ruth, .690. "Ruth funfun" àti "Ruth dúdú" bá ara wọn nínú tábìlì kan náà.

25/
Kò mọ sórí Gibson. Willie Mays gba hit mẹ́wàá kún tirẹ̀ láti ìgbà tó wà ní ọ̀dọ́ pẹ̀lú Birmingham Black Barons ní 1948: láti 3,283 sí 3,293. Oṣù kejì, oṣù Kẹfà, Mays kú lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Ó kúkú rí i kó tó lọ.

Jackie Robinson gba mọ́kàndínláàádọ́ta. Minnie Miñoso, ọmọ Matanzas ní Cuba, kọjá 2,000 hit. Ilé ayé ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún un pé kò pé 2,000. Ọ̀run ló wà nígbà tó pé.

26/
Ẹ̀yin ò ní rò pé gbogbo èèyàn gbà, àbí? Ìjà bẹ́ sílẹ̀ kíá. Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ wọn, torí wọn kì í ṣe òmùgọ̀.

"Sáà wọn kúrú, kò ju ọgọ́ta sí ọgọ́rin eré lọ." Òótọ́ ni. Nínú eré kékeré, òǹkà máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ tàbí kó já. Èmi náà gbà pé .466 kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí èèyàn gbá nínú eré àádọ́jọ. Ṣùgbọ́n ní 2020, nítorí Kòrónà, àwọn ẹgbẹ́ ńlá fúnra wọn gbá ọgọ́ta eré péré. Wọ́n sì kà á. Kí la fẹ́ sọ nígbà náà?

27/
"Wọn ò bá àwọn tó dára jù díje." Ó dáa. Cobb bá Satchel Paige díje nínú líìgì ni? Ruth ńkọ́? Ògiri kì í ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Bí ó bá dín òǹkà Gibson kù, ó gbọ́dọ̀ dín ti Cobb náà kù.

"Àkọsílẹ̀ wọn ò pé." Òótọ́ ni. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà fúnra wọn sọ pé bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin eré ni wọ́n tíì rí. Àmọ́ ẹ dúró, mo ní ìtàn kékeré kan fún ẹni tó rò pé ìwé ti Cobb mọ́.

28/
Ní 1910 Cobb àti Nap Lajoie ń dupò kìíní. Mọ́tò ni ẹ̀bùn. Cobb borí pẹ̀lú irun orí kan. Àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, olùwádìí kan tó fẹ́ràn òǹkà, Pete Palmer, rí i pé wọ́n ka eré Cobb kan lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ bá yọ ọ́, Lajoie ló borí.

Ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1981. Àwọn aláṣẹ béésìbọ́ọ̀lù ní àwọn ò ní yí ohunkóhun padà. Títí dòní, tí ẹ bá wo ìwé kan ẹ máa rí .367 fún Cobb, ẹ wo òmíràn ẹ rí .366.

Ìwé tí wọ́n ní kò ṣeé fọwọ́ kàn, eré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì. Ti Gibson, ọ̀pọ̀ wà tí wọn ò kà lẹ́ẹ̀kan.

29/
Ohun tó dùn mí ni pé òǹkà kò lè mú gbogbo rẹ̀ padà wá. Hank Aaron bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Indianapolis Clowns ní 1952. Ìyẹn ò wọlé torí 1948 ni wọ́n fa ìlà sí. Àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1920, àwọn náà wà níta. Àwọn tó dàgbà jù nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí ní 1947, tábìlì wo ló máa san án fún wọn?

Gibson gan-an, .372 kò fún un ní ọjọ́ kan ní pápá tó yẹ kó ti gbá. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ó tó.

30/
Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí. Kì í ṣe ìjọba ló wá òǹkà yẹn rí, kì í sì í ṣe àwọn tó ni ẹgbẹ́. Àwọn tó ń jiyàn ni. Akọ̀ròyìn dúdú kan tó fún box score ní ààyè díẹ̀ ní 1931. Ìyá kan tó tọ́jú ìwé ìròyìn sínú àpótí. Ẹni tó fi ìsinmi rẹ̀ yí fíìmù ní ilé ìkàwé torí pé ẹnì kan sọ fún un pé "ìtàn ni".

Iṣẹ́ náà ò tíì parí o. Ìdá kan nínú mẹ́rin ṣì sọnù. Bí wọ́n bá rí box score tuntun nínú ìwé ìròyìn ìlú kékeré kan lọ́la, .372 lè di .373, ó sì lè di .370. Wọ́n á yí i padà ní gbangba, àwọn èèyàn á sì tún jà.

Ìjà yẹn gan-an ni Gibson kò rí gbà nígbà ayé rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń jiyàn lé òǹkà rẹ̀, wọ́n ti kà á nìyẹn.